Ohun Tó Ń Sọnù Nínú Ọgbà Wa

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ògiri ilé wa yìí létí. Ẹ rántí rédíò tí Bàbá Láńdọ́ọ̀dù wá tì? Ẹ rántí ẹsẹ̀ kan sílípáàsì Ìyá Alágbo, tí wọ́n torí ẹ̀ ṣépè fún gbogbo ẹni tó ń wẹ̀ ní balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé? Páìpù tí púlọ́mbà fi ti ògiri ńkọ́? Mo ti rí gbogbo wọn. Ara hẹlikópítà ni wọ́n wà.

Ẹ má wòkè. Yàrá ìkangun ló wà, lọ́dọ̀ ọmọ Pólì yẹn, èyí tí kì í kí èèyàn àfi tí NEPA bá múná lọ. Ẹ mọ̀ mí, èmi kì í yọjú sí yàrá oníyàrá. Ilẹ̀ ni mo ń gbá, ìgbálẹ̀ ló gbé mi dé ojú fèrèsé. Mo rí i níwájú kọ̀ǹpútà, ó ń fọwọ́ òsì fa páìpù kan sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ẹ̀, bíi dẹ́rẹ́bà Míkírà tó ń fa hándíbíréèkì. Ó ní, "Màmá, ẹ wọlé. Ibẹ̀ yẹn ti mọ́."

Collective ni wọ́n ń pe ohun tó ń fà. Nínú hẹlikópítà, igi kan wà láàárín itan awakọ̀ tó ń darí ẹ̀ síwájú, sẹ́yìn, sọ́tùn-ún, sósì. Pẹ́dà méjì wà lẹ́sẹ̀ tó ń yí imú ẹ̀. Ti ọwọ́ òsì yìí ló ń gbé e kúrò nílẹ̀. Tí wọ́n bá fà á sókè, gbogbo apá tó ń yí lórí ẹ̀ á jọ gbé imú sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa gbá afẹ́fẹ́ púpọ̀ wálẹ̀, ó dòkè nìyẹn. Ibi tí wọ́n bá sì fi í sí ló gbọ́dọ̀ dúró sí, kí awakọ̀ lè ráyè họ imú. Àmọ́ jóístíìkì tí wọ́n ń tà lọ́jà fún eré orí kọ̀ǹpútà ní sípíríǹgì. Tọ́wọ́ bá ti kúrò, á padà sáàárín.

Ibẹ̀ ni sílípáàsì ti wọlé. Ó gé àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀, ó fi há àárín páìpù àti irin tí wẹ́dà jó fún un, ó fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì fún un pinpin. Mo fọwọ́ ara mi fà á: ó gòkè, mo fi í sílẹ̀, ó dúró. Búlúù ni, ihò tí okùn ń gbà wọlé ṣì wà níbẹ̀ kedere. Mo ṣe bí ẹni tí ò rí i.

Fọ́lúùmù rédíò Bàbá ló wà níbi tí páìpù ti ń yí. Wáyà gbé e lọ sára pátákó kékeré kan tó ń jẹ́ Arduino Leonardo, tó ń kà á láti 0 dé 1023, tó wá ń parọ́ fún kọ̀ǹpútà pé jóístíìkì lòun. Ọwọ́ ọ̀kadà tí wọ́n fi ń tẹná ló fi sórí páìpù, torí hẹlikópítà Robinson gidi náà ní irú ẹ̀. Ìyẹn nìkan ló fowó rà, lọ́wọ́ mẹkáníìkì ní Ṣàngó níbí. FlightGear tó fi ń fò nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni.

Mo ní ṣé orí ẹ̀ pé. Ó ní Edwin Link ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ dùùrù bàbá ẹ̀ ló ti mú ẹwìrì tó fi ṣe bàálù orí ilẹ̀ lọ́dún 1929. Wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ìṣeré, àfi ìgbà tí iléeṣẹ́ ológun wá ra 6 lọ́dún 1934. Ó ní Mubarak Muhammad Abdullahi ńkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Bayero ní Kánò, tó fi ẹ́ńjìnnì Honda Civic ṣe hẹlikópítà, tí ayé gbọ́ nípa ẹ̀ lọ́dún 2007? Tiyẹn fò ní tiẹ̀ o, ẹsẹ̀ bàtà 7. Olè tó fo fẹ́ǹsì wa lọ́jọ́sí fò jù bẹ́ẹ̀ lọ! Ọmọ náà ní, "Èmi ò kúrò nílẹ̀, Màmá. Níbo ni mo ti fẹ́ já bọ́?"

Ọjọ́ tí Bàbá Láńdọ́ọ̀dù wá gba owó ilé lọ̀rọ̀ wá di iṣu ata yán-an-yàn-an. Ọmọ náà ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n fò díẹ̀ ná. Hẹlikópítà ti wà lókè. Bàbá ní òun fẹ́ sọ̀, wọ́n rẹ páìpù sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó tún fò sókè fìrì! Wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí i, ó tún ń lọ sí i. "Mo ní kó sọ̀, ó ń lọ! Ta ni mo ṣẹ̀?" Fìlà ti bọ́, òógùn ti bo Bàbá, lórí àga onípákó o! Ọmọ náà ní wáyà méjì ẹ̀gbẹ́ fọ́lúùmù ló ṣìnà. Ó pààrọ̀ wọn, gbogbo ẹ̀ bọ̀ sípò. Àmọ́ Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ wo ibẹ̀, wọ́n ti rí òwú pupa tí wọ́n fúnra wọn so mọ́ fọ́lúùmù yẹn. Bàbá wo ọmọ, ọmọ wo ilẹ̀. Mo ti ń múra àtibá wọn parí ìjà. Bàbá ní, "Gbé mi gba Samonda, kí n wo ọ̀hún Aerodrome."

Látìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá ń bẹ nínú yàrá yẹn, a ò gbọ́ owó ilé mọ́. Tí Ìyá Alágbo bá bèèrè sílípáàsì, Bàbá fúnra wọn ló ń dáhùn pé ajá ló gbé e.

Pẹ́dà ló kù tí wọn ò tíì rí. Lánàá, àwọn méjèèjì wá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ máṣìnnì ìránṣọ mi, wọn ò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, Bàbá ní, "Ìyá Télọ̀, ṣé ẹ ò ní í sinmi díẹ̀ ni?" Mo ti gbé máṣìnnì wọ yàrá, mo ti tì í mọ́lé. Ẹ jọ̀ọ́, bùbá yín di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.