Páswọ́ọ̀dù Ọmọ Ìyá Elépo

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àbọ̀ o! Láti ìgbà Àjíǹde tí ẹ ti lọ tọ́jú ọmọ tuntun ní Àjàṣẹ́, lẹ́yìn bọ́dà lọ́hùn-ún, ilé yìí ò dùn mọ́. Ẹ jókòó, ẹ má tíì tú ẹrù. Ṣé ẹ rí bí ọmọ Ìyá Elépo ṣe dọ̀bálẹ̀ kí yín lẹ́ẹ̀kan, tó sì yára sá wọ ṣọ́ọ̀bù? Ẹ ò béèrè ìdí. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní béèrè, ẹ kì í ṣe olófòófó. Èmi náà kì í ṣe olófòófó. Àkàrà ni mo ń dín jẹ́jẹ́ mi. Ṣùgbọ́n iwájú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni àdògán mi wà, Ọlọ́run ò sì dá ìdérí sí etí.

Kọ̀ǹpútà ńlá orí tábìlì yẹn ló fa gbogbo rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni, Kùtọnu ni wọ́n ti rà á. Ẹ mọ̀ pé nǹkan tó bá gba Kùtọnu wọlé, èdè àwọn Faransé ló máa ń gbọ́. Kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ báyìí, A ló jókòó síbi tó yẹ kí Q wà, Z gba ilé W, M sì ṣí lọ bá L. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ nọ́ńbà lásán, àfi kí ẹ kọ́kọ́ di Shift mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti kíbọ́ọ̀dù yìí sọ́kàn, mò ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Windows ló wà nínú rẹ̀ nígbà tó dé. Ṣùgbọ́n gbogbo fláàṣì tí àwọn oníbàárà ń kì bọ̀ ọ́ ló ní kòkòrò nínú. Lónìí fáìlì á sọnù, lọ́la gbogbo fódà á di ọ̀nà àbùjá tí kò já síbì kankan. Ó bínú, ó lé Windows jáde, ó gbé Ubuntu wọlé. Kì í ṣe àjèjì sí i. Nígbà tó wà ní Pólì Ìlaró ló ti mọ̀ ọ́n. Títí di 2011, ẹni tó bá ti béèrè, wọ́n á fi sídíì Ubuntu ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun, wọn ò gba kọ́bọ̀, wọn ò tilẹ̀ gba owó ìfiránṣẹ́. Tiẹ̀ ṣì wà nínú àpótí ìyá rẹ̀. Mo ti fojú rí i.

Ẹ gbọ́ ti ẹni tó dá Ubuntu sílẹ̀ ná. Mark Shuttleworth ni wọ́n ń pè é, ọmọ South Africa. Ó ta iléeṣẹ́ rẹ̀ ní 1999 ní mílíọ̀nù $575, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún o! Nígbà tó di 2002, ó san nǹkan bíi mílíọ̀nù $20, ó bá àwọn ará Rọ́ṣíà wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí gbalasa òfurufú, ó lọ sókè lọ́hùn-ún, ó sì padà bọ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní 2004, ló bẹ̀rẹ̀ sí í pín Ubuntu lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi rò pé ó rí nǹkan kan lókè yẹn tí kò sọ fún wa.

Àwọn ẹranko ni wọ́n sì fi ń sọ Ubuntu kọ̀ọ̀kan tó bá jáde lórúkọ. Ti àkọ́kọ́, ìmàdò ni. Ìyẹn dáa, ọdẹ wa mọ ìmàdò. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹranko tí baba ẹnikẹ́ni ò rí ní ìpínlẹ̀ yìí. Èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ nígbà náà ń jẹ́ Beaver. Èyí tó tẹ̀lé e nínú àwọn tí wọ́n ń tọ́jú fún ọdún márùn-ún ń jẹ́ Fossa, wọ́n ní igbó Madagascar ni nǹkan náà ń gbé, ẹran ló ń pa jẹ.

Bí ẹ bá sì jókòó ti ọmọ Ìyá Elépo, kò ní í jẹ́ kí ẹ lọ láìsọ ti 2007 fún yín. Lọ́dún yẹn, wọ́n fẹ́ kó kọ̀ǹpútà kékeré 17,000 fún àwọn ọmọ iléèwé ní Nàìjíríà. Àwọn Faransé kan, Mandriva, ló bá wọn ṣètò pé Linux tiwọn, tó jẹ́ ìbátan Ubuntu, ni yóò wà nínú rẹ̀. Àfi bí Mandriva ṣe gbọ́ pé wọ́n fẹ́ yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n fi Windows rọ́pò, àti pé $400,000 wà nínú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní owó ìpolówó ọjà ni. Ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer ti Microsoft, ó bi í léèrè bí ó ṣe máa ń rí lára rẹ̀ tó bá wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí láàárọ̀. Àjọ ìjọba tó ń sanwó 11,000 nínú ẹ̀rọ náà wá ní Mandriva làwọn fẹ́. Bí ọmọ Ìyá Elépo bá ń sọ ọ́, ẹ óò rò pé òun ló kọ lẹ́tà. Mandriva fúnra rẹ̀ ti kógbá sílé báyìí, ṣùgbọ́n ọmọ Ìyá Elépo kì í fẹ́ kí èèyàn mẹ́nu bà á.

Níbo ni mo dé? Ẹ̀n-ẹ́n, Beaver. Orúkọ ìwé rẹ̀ ni 18.04, ìyẹn ni pé oṣù kẹrin 2018 ló jáde. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń tọ́jú irú rẹ̀. Nígbà tí May 2023 ń parí lọ, ọdún márùn-ún pé, kọ̀ǹpútà sì ń kọ ọ́ sójú rẹ̀ ní àràárọ̀ pé ọjọ́ ti tó. Ó lè forúkọ sílẹ̀ o, kó máa rí àtúnṣe gbà fún ọdún márùn-ún mìíràn lórí Beaver yẹn náà. Wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀rọ tó ń lò fúnra rẹ̀ ò bá ju márùn-ún lọ. Èmi ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní rárá, 22.04 lòun fẹ́, òun ò fẹ́ gbẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n kò ṣeé fò. Bí ọ̀nà wa tó lọ sí Ìdíìrókò ló rí, o ò lè torí pé o ti ń wo bọ́dà lọ́ọ̀ọ́kán kí o fo ibi tí wọ́n na igi dábùú títì, gbogbo rẹ̀ lo máa dúró sí, gbogbo wọn ló sì máa ní kí o ṣí búùtù. Àfi kó gba 20.04, Fossa yẹn, kọjá kó tó dé 22.04. Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ra dátà. Dátà níbí yìí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí fóònù bá ti fi igun ilé sílẹ̀ díẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn ará Kùtọnu ló máa gbá mú, owó á sì máa jò lọ.

Ó wá lọ mú ọjọ́ wo? Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Tinubu! Lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù náà ló sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, epo tí kò tó ₦200 ní ilé epo ìjọba ti ń sún mọ́ ₦500. Àwa tí a sì ti wà nínú ìyà epo láti November 2019, tí wọ́n ti ní kí ọkọ̀ epo má já epo sí ilé epo kankan tí kò bá jìnnà ju kìlómítà ogún lọ sí bọ́dà. Ẹ̀yin ẹ mọ iye tí kẹ́ẹ̀gì kan ń di níbí nírú àsìkò bẹ́ẹ̀.

Iná ò sí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ló tàn. Dátà wọlé tán, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ti àtijọ́, ó ń fi tuntun sí i. Wọ́n kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á lágbede méjì. Àwọn tó ṣe nǹkan yìí, èèyàn rere ni wọ́n, ẹni tó ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ṣèèyàn burúkú. Ṣùgbọ́n wọn ò gbé Ìhunbo wa níbí yìí rí. Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ò ní bátìrì, gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dúró. Ẹnì kan fẹ́ tẹ èsì JAMB ọmọ rẹ̀, ejẹ́ńtì bọ́dà kan ń dúró de ìwé ẹrù. Wọ́n ra epo sí i ní ọ̀wọ́n gógó. Kọ̀ǹpútà tàn, ojú rẹ̀ dúdú, ìwé funfun ń sáré lórí rẹ̀. Ọmọ Ìyá Elépo kò mikàn o, mo gbé e fún un. Ó tẹ ohun kan, dpkg báyìí-báyìí, ó ní òun ń sọ fún un pé kó parí iṣẹ́ tó fi sílẹ̀. Ó sì parí rẹ̀! Ojú ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, àwọ̀ tuntun, ó béèrè páswọ́ọ̀dù.

Ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ kọ̀. Ó tún un tẹ̀, ó kọ̀. Àmì róbótó-róbótó nìkan ló ń hàn, kò rí ohun tó ń tẹ̀. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní ṣé kì í ṣe òun ló yí i padà. Ìyàwó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí, báwo lòun ṣe máa yí i padà?

Ọmọ Ẹ̀gùn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló já a. Àjàṣẹ́ ló ti kàwé, ó mọ kíbọ́ọ̀dù méjèèjì. Ó ní, “Ọ̀gá, ó jọ pé ẹ̀rọ ti gbàgbé Faransé, ti Amẹ́ríkà ló ń lò báyìí. Ẹ sọ páswọ́ọ̀dù yín, ẹ jẹ́ kí n bá yín tẹ̀ ẹ́.” Ọ̀gá ní kí gbogbo èèyàn bọ́ síta. Ìyàwó ní, “Èmi náà?” Ó ní kò pọn dandan, òun á tẹ̀ ẹ́ fúnra òun. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Ìbejì, ojú kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń tẹ páswọ́ọ̀dù nínú 20.04. Kò sí nínú ti tẹ́lẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ ojú yẹn, gbogbo lẹ́tà á hàn kedere. Ọmọ Ẹ̀gùn, tí kò mọ̀kan, na ọwọ́, ó tẹ ojú.

Orúkọ obìnrin! Gbogbo A inú rẹ̀ ti di Q, nọ́ńbà ọdún tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti di àmì jágbajàgba, ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa kà á máa kà á. Èmi ò ní dárúkọ. Ọmọ Ayétòrò ni, wọ́n jọ wà ní Pólì, ó ti lọ́kọ. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ejẹ́ńtì bọ́dà gan-an gbàgbé ìwé ẹrù.

Ọkọ ní orúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá òun ni. Ìyá Elépo, tó ń wọn epo lẹ́yìnkùlé, bá pariwo láti ọ̀hún: “Ẹ̀gbọ́n mi wo?”

Ìyàwó ò jà. Ó dúró títí wọ́n fi wọ inú ẹ̀rọ, ó ní kí wọ́n fa àga fún òun, ó yí páswọ́ọ̀dù padà fúnra rẹ̀, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ̀ pé lórí Ubuntu, èèyàn ò lè fi abẹ́rẹ́ kan kún un láìjẹ́ pé ó béèrè páswọ́ọ̀dù. Báyìí, àkọlé ti ń yọ pé 22.04 wà nílẹ̀, ṣé kí òun bẹ̀rẹ̀, tàbí kí òun béèrè tó bá yá. Ọkọ á wo ojú ìyàwó. Ìyàwó á ní kó béèrè tó bá yá. Ìyá Elépo ní tiẹ̀ ti ń yíká mọ̀lẹ́bí, ó ń wádìí bóyá òun ní ẹ̀gbọ́n kan tí wọn ò sọ fún òun.