Irú Kò Jẹ̀bi

Ọmọ mi obìnrin ló fà á. Láti ìgbà tó ti wọ yunifásítì ni kò ti jẹ ẹran mọ́, kò jẹ ẹja, kò fẹnu kan ẹyin. Nígbà tí mo pé ọgọ́ta ọdún, dípò kó ra bàtà fún mi, ó sanwó kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ àwọn vegan, lọ́jọ́ Sátidé kan, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níbí. "Dàdí, ẹ lọ kọ́ ọ, kí n lè máa rí nǹkan jẹ nílé yín." Mo ní kò burú. Ta ni yóò wá kọ́ èmi ọmọ Iléṣà ní ẹ̀fọ́ sísè?

N kì í lọ sílé onílé lọ́wọ́ òfo, nítorí náà mo ra ìgò oyin kan fún olùkọ́ wa, ọmọbìnrin òyìnbó kan tí kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó dúpẹ́, ó sì rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn bí ẹni gbé bọ́ǹbù. Àṣé oyin náà wà lára ohun tí wọn kì í jẹ! Kòkòrò ló ṣe é, kòkòrò ló ni ín.

Ó wá sọ fún wa pé ọdún 1944 ni Donald Watson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní Ìlú Ọba yìí, pé ọ̀rọ̀ "vegetarian" ni wọ́n gé kúrú: lẹ́tà mẹ́ta tó ṣáájú, méjì tó kẹ́yìn, ó di "vegan". Mo rò ó wò. Orí àti ìrù ni wọ́n mú, wọ́n da ikùn nù. Orí àti ìrù ẹja gan-an sì ni èmi fẹ́ràn jù. Mo sọ ọ́ síta. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Mo ní kí n kúkú máa bá wọn ṣiṣẹ́. Mo rí abọ́ omi ẹ̀wà kan lórí tábìlì. Nílé ìyá mi, omi àkọ́kọ́ tí a fi se ẹ̀wà, dídànù ni, kí inú má baà máa kùn. Mo dà á nù, mo fọ abọ́, mo nù ún gbẹ, mo gbé e síwájú olùkọ́. Ó wo inú abọ́ náà títí. Ó ní omi yẹn ni ẹyin wa. Omi ẹ̀wà òyìnbó tí wọ́n ń pè ní chickpea ni. Bí èèyàn bá lù ú dáadáa, yóò hó, yóò funfun, yóò dúró bíi funfun ẹyin. Ará Faransé kan, Joël Roessel, ló kíyè sí i ní 2014. Gbogbo kíláàsì ni kò rí kéèkì jẹ nítorí tèmi.

Tófù ló gbà mí sílẹ̀ díẹ̀. Wọ́n lọ ẹ̀wà sóyà, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n se omi rẹ̀, wọ́n mú kó dì, wọ́n gbé nǹkan wúwo lé e. Mo pariwo: "Wàrà sóyà rèé!" Bẹske tí wọ́n ń dín tà ní gáréèjì Òṣogbo, tí wọ́n ń fi ata gígún yí lára! Olùkọ́ bi mí ohun tí àwa fi ń mú un dì. Mo ní àwọn kan ń lo omi ògì tó ti kan. Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Orí mi wú. Ibi tí orí mi ti wú yẹn ni mo ti ṣìnà.

Nílọ́ọ̀nù edé gígún kan wà lápò mi. N kò ní purọ́, mo mọ̀ọ́mọ̀ mú un dání ni. Nígbà tó di pé kí oníkálukú se ti ẹ̀, mo gbé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kaná, pẹ̀lú ata, epo àti irú. Irú yìí ni wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀. Wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé. Obìnrin kan béèrè bóyá eku kú síbì kan. Olùkọ́ wá wo irú náà bí ọlọ́pàá ti ń wo ẹni tí wọ́n fura sí. Mo búra fún un: èso igi ni, sísè ni a sè é, bíbò ni a bò ó mọ́lẹ̀ títí ó fi di irú. Ó gbà.

Mo tọ́ ẹ̀fọ́ wò. Ahọ́n mi ní nǹkan kù. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo wọ́n edé sí i. Ẹ̀fọ́ náà dáhùn!

Kíá ni wọ́n yí ìkòkò mi ká. "Bí ẹni pé ẹja wà nínú ẹ̀," ni olùkọ́ wí, ẹ̀rín sì wà lójú rẹ̀.

"Irú ni," ni mo fèsì.

Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ti ń bá mi gé àlùbọ́sà láti àárọ̀, bu ṣíbí kan kún. Ó ní adùn yìí mà ti jìnnà sóun, nítorí bí edé bá kan òun lẹ́nu báyìí, ọ̀fun òun a wú.

Mo gbá ṣíbí náà dànù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí ìwé tí wọ́n fún wa láàárọ̀: ohun 14 tí òfin ilẹ̀ yìí ní kí alásè máa kéde, edé wà nínú wọn. Mo ti fọwọ́ sí i láìkà á sí. Mo fa nílọ́ọ̀nù yọ, mo gbé e sórí tábìlì. Wọn kò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Olùkọ́ kàn da ẹ̀fọ́ náà sínú ike, ó dé e, ó wé e ní ọ̀rá méjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ tábìlì. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo ń lọ, ó fi ike náà àti ìgò oyin náà lé mi lọ́wọ́.

Lálẹ́, ọmọ mi dé pẹ̀lú ebi. "Dàdí, kí lẹ kọ́?" Kí n tó la ẹnu, ó ti tú ọ̀rá, ó ti ṣí ike, ó ti mí òórùn rẹ̀ sínú.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Irú yìí mà dáa o."

"Irú kọ́," ni mo wí.