Oríkì Owó Ìrànwọ́ Epo, Alágbàtọ́ Ifangni

Ẹ yàgò lọ́nà, Owó Ìrànwọ́ Epo ń kọjá! Ọmọ Àbújá tí í ná owó ní Ìgólò. Ọ̀làwọ́ tí kò mọ ẹni tó ń fún. A-fi-owó-ilé-tọ́jú-ará-ìta. A-gba-Ìdírókò-wọlé-má-fìwé-han-aṣọ́bodè.

Títí di ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà ló máa ń san lára owó bẹntiróò kí ọmọ ìlú rẹ̀ lè rà á lọ́pọ̀. Lọ́dún 2022 nìkan, ó ná ju tírílíọ̀nù mẹ́rin náírà lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí epo bá ti wọ́n ni wọ́n máa ń gbé e lọ. Nígbà tó bá fi dé Ifangni ní Benin, ó ti di kpayo, epo fàyàwọ́.

Ẹ wá wo àwọn tó ń jẹun lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bọ̀ lórí ọ̀kadà, kẹ́ẹ̀gì bò ó lẹ́yìn, ó bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè lórí ìjókòó. Ìyá kan to ìgò sórí tábìlì lẹ́bàá ọ̀nà Àjàṣẹ́, ó fi aṣọ bo ẹnu àrọ, ó ń sẹ́ epo sínú táńkì ọ̀kadà zémìjàn. Kò sẹ́ni tó kọ fọ́ọ̀mù. Kò sẹ́ni tó ṣèdánwò. A-gbani-síṣẹ́-má-bèèrè-ìwé-ẹ̀rí!

Alágídí ni pẹ̀lú. Nàìjíríà ti ẹnubodè ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2019. Ní Oṣù Kọkànlá, wọ́n ní epo kò gbọdọ̀ dé ilé epo tí kò jìnnà tó 20 kìlómítà sí ààlà. Kpayo wọ́n, àmọ́ kò tán.

Ìjọba Benin náà gbìyànjú láti ran àwọn tálákà rẹ̀ lọ́wọ́: lọ́dún 2020, ó gbé ẹ̀yáwó Alafia jáde fún wọn, 30,000 sẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ní ọjọ́ 29 Oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Bọ́lá Tinúbú búra wọlé gẹ́gẹ́ bí ààrẹ Nàìjíríà, ó sì fi gbólóhùn kan ṣoṣo lé Owó Ìrànwọ́ Epo, ọlọ́lá wa, lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà epo kan ní Nàìjíríà fò kúrò ní bíi 190 náírà, ó kọjá 480. Ní Benin, kpayo kọjá 600 sẹ́fà: 30,000 sẹ́fà ti ẹ̀yáwó Alafia yẹn kò lè ra 50 lítà mọ́.

A-lé-òṣìṣẹ́-má-kọ-lẹ́tà! Kò sanwó ìfẹ̀yìntì, kò sì ṣe ìbánigbófò. Ní ọjọ́ 23 Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, iná sọ ní ibùdó kpayo kan ní Sèmè, ó kéré tán èèyàn 34 kú.

Kí Kútọnú fi iṣẹ́ àwọn ìlú ẹnubodè sínú ìṣirò owó ọdọọdún tirẹ̀. Àbújá kò bá Ifangni ṣàdéhùn kankan.