Ẹ Gbọn Omi Ẹ̀ Dànù

Ní Florida, ìjà lórí sáńwíìsì Kúbà kì í tán. Ará Tampa ní dandan ni kí ẹran salami wà nínú ẹ̀. Ará Miami ní èèwọ̀ ni. Ní 2012, ìgbìmọ̀ ìlú Tampa tiẹ̀ jókòó, wọ́n fọwọ́ sí ìwé lórí bí tiwọn ṣe gbọ́dọ̀ rí. Àwọn àgbàlagbà o!

Kùkúḿbà tí wọ́n rẹ sínú fínígà àti iyọ̀ ni wọn ò bá ara wọn jà lé lórí. Tọ̀tún tòsì ló gbà á wọlé. Èmi nìkan ni alátakò. Mo gbà pé ẹlẹ́dẹ̀ sísun àti wàràkàṣì inú sáńwíìsì náà lọ́ràá, kíkan ni kì í jẹ́ kí wọ́n tètè súni. Ṣùgbọ́n irin gbígbóná ni wọ́n fi ń tẹ sáńwíìsì yìí pẹlẹbẹ, ibo lẹ rò pé omi kùkúḿbà máa sá gbà? Inú búrẹ́dì ni. Búrẹ́dì tó bá ti mu fínígà yó, ẹ̀kọ tí kò dì ni.

Wọ́n á ní, "Tí o ò bá fẹ́ ẹ, ṣáà yọ ọ́." Mo yọ ọ́. Kíkan ẹ̀ jókòó, ó ń bá mi jẹun. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀ kó wá kó tèmi, ó wà létí àwo.