Alhaji Wo?

Láti yàrá mi ní Bẹẹrẹ, Ìbàdàn, mo fẹ́ wọ server ọ́fíìsì wa. VPN tó yẹ kó so mí mọ́ ọ́fíìsì ní òun ti wọlé. Server kò dá mi lóhùn. Mo pe ọmọ tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa á, kí ẹ tún tàn án."

Mo pa á, mo tàn án, ẹ̀ẹ̀mẹta. (Bí wọ́n bá ń sanwó fún pípa àti títàn ni, mo ti kọ́lé.)

Ìgbà tó yá ló wá béèrè nọ́ńbà tí ráútà ilé mi ń lò. 192.168.1. Ti ọ́fíìsì ńkọ́? 192.168.1! Láti 1994 ni wọ́n ti ya irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ kí oníkálukú lè máa lò ó lábẹ́ òrùlé ara rẹ̀. Server ń jẹ́ 192.168.1.10, tẹlifíṣọ̀n ìyàwó mi náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n yìí ni kọ̀ǹpútà mi ń kanlẹ̀kùn rẹ̀ látàárọ̀, bí àlejò tó dé Ọjà'ba tó ní ilé Alhaji lòun ń lọ. Alhaji wo? Àwọn tó kọ àmì àdúgbò bíi S3, N4 sára ilé Ìbàdàn àtijọ́ kí wọ́n tó kọ nọ́ńbà ilé tẹ̀lé e kò ya òpè.

Mo sọ tilé di 192.168.77. Server jẹ́ mi hòo. Ni tẹlifíṣọ̀n bá dákú. Ìyàwó mi ń béèrè ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan.

Mo ní kó pa á, kó tún tàn án.