Ẹ Má Pe Ayé, Ìkọ́kọrẹ́ Ni

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye oníṣègùn tó wà ní Rẹ́mọ, kó sáà ní àyà ń ta òun. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní Mákùn á ní kó fún ewúro mu. Ọlọ́kadà Ìkẹ́nnẹ́ á ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ni kó gé sómi. Ìyàwó pásítọ̀ á ní ata ilẹ̀ àti oyin. Bàbá kan tí ẹnikẹ́ni ò bi léèrè á ní kánún. Gbogbo oògùn náà, ẹnu ló ń gbà wọlé. A ò tíì rí ẹni tó máa ní, "Pa ẹnu dé."

Ẹ wo ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta obì ní Sábó, Ṣàgámù. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń jókòó ti ìkọ́kọrẹ́: ewùrà rínrín, ata, edé, ẹja gbígbẹ, epo ń ṣàn létí abọ́. Wọ́n á lá ìka, wọ́n á tún bu gàrí Ìjẹ̀bú kíkan sómi, "kó lè tètè dà". Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi nà gbalaja. Tó bá di òru, wọ́n á fò dìde, wọ́n á di àyà mú: "Ayé ti dé o!" Ayé wo, ẹ̀gbọ́n? Ayé ló bá yín rin ewùrà ni?

Iṣan kan wà níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọ àpòlùkù. Òun ni máígáàdì ibẹ̀. Tí oúnjẹ bá ti kọjá, ó yẹ kó tilẹ̀kùn kí omi kíkan tó ń lọ oúnjẹ má baà gòkè. Ọ̀rá, ọtí, sìgá àti káfíìnì lè mú un dẹ̀. Ibo wá ni káfíìnì wà? Nínú obì! Ọjà tí ẹ̀gbọ́n ń tà fáwọn Hausa láti àárọ̀, tí wọ́n sì ń tọ́ wò lójú oníbàárà, kó má baà di pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Ikùn wọn náà, tó máa ń ṣáájú wọn dé ìsọ̀, ń ti máígáàdì látìsàlẹ̀.

Ìlíṣàn ò jìnnà, níbi tí Yunifásítì Babcock wà. Àwọn oníjọ Ádífẹ́ńtì tó ni ín ò fẹ́ ọtí, wọn ò fẹ́ sìgá, kọfí gan-an wọ́n ń yàgò fún un. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ pa òwò àwọn ni.

Kánún ń pa kíkan inú lóòótọ́, ẹ ó gùfẹ̀, ara á tù yín fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n sódíọ̀mù inú rẹ̀ ò dáa fẹ́ni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ata ilẹ̀ díẹ̀ ò burú. Ẹ̀gbọ́n gún un kún ife, wọ́n ń fi iná pa iná. Àmọ́ àyà dídùn tó bá ń gba apá lọ, tí òógùn bò yín, kì í ṣe ti ewúro: ilé ìwòsàn ńlá Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣàgámù níbẹ̀. Ẹ̀yin tí oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun yín mọ́, tàbí tí ìgbẹ́ yín dúdú kirikiri, ẹ̀yin náà ẹ wọkọ̀.

Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa ti sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n jẹun díẹ̀, kó tó wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó sùn, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, kí wọ́n fi nǹkan gbé bẹ́ẹ̀dì sókè níbi orí, bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ti oúnjẹ, wọ́n ní àwọn á rò ó. Búlọ́ọ̀kù, wọ́n gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n ìhà ẹsẹ̀ ni fáànù wà, ni wọ́n bá yí orí síbẹ̀ sùn.