Ọkọ̀ Mi Rò Pé Yìnyín Ń Bọ́ ní Ìtapá

Kí n tó rojọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá mẹkáníìkì mi láre: ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ìkọ̀lé ló ti bá mi pààrọ̀ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Camry mi, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Big Daddy. Ó fi fílítà afẹ́fẹ́ tuntun sí i, ẹ́ńjìnnì sì ń dún wọ́ọ́rọ́wọ́. Èmi ni mo délé tí ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé fílítà tuntun ni lóòótọ́, àbí ó kàn gbọn eruku ti tẹ́lẹ̀ dànù? Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo tú ìdérí ilé fílítà, mo yọjú wò ó. Tuntun ni. Ojú tì mí díẹ̀. Mo dé e padà, mo ní kí màmá ìyàwó mi wọlé ká máa lọ. Ojú ń dùn wọ́n, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó là ń lọ.

A ti ń sún mọ́ Ìtapá kí n tó rí i pé iná chẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì ti tàn. Bóyá látilé ló ti tàn, èmi ò wòye. Ọkọ̀ ń wọ́ ẹsẹ̀ bó bá dé òkè.

Ẹlòmíràn ì bá bẹ̀rù. Inú tèmi dùn. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ra skánà kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ, tó máa ń bá fóònù sọ̀rọ̀, tí mi ò tíì rí aláìsàn tí mo máa fi wò. Ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lọ́gangan orúnkún awakọ̀. Láti 1996 ni Amẹ́ríkà ti sọ ihò yẹn di dandan fún ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá tà níbẹ̀, òun ló bá tòkunbọ̀ wọ̀lú wá bá wa. Mo kì í bọ̀ ọ́. Kóòdù méjì jáde: P0102 àti P0113.

Mo wá ń ṣàlàyé fún Màmá bí ẹni wà níwájú kíláàsì. P yẹn, ẹ́ńjìnnì àti jíà ló ń bá wí. Òdo tó tẹ̀lé e, kóòdù tí gbogbo ọlọ́kọ̀ jọ ń lò ni. 1 tó tún tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ epo àti afẹ́fẹ́ ni. Títí dé ibẹ̀, mo gbà á. Ìgbà tí mo ka ìtumọ̀ ni mo ṣìnà. Ti àkọ́kọ́ kò yé mi, mo fò ó. Ìkejì ní nǹkan kan ga nípa ìgbóná afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì.

“Màmá, ooru ló ń mú ọkọ̀.”

Oṣù kejì ni, àwa gan-an ń làágùn, kò sí ẹni tó máa jiyàn. Mo ra píọ̀ wọ́tà mẹ́rin, mo dà á sórí ràdíétọ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń wọn ooru ẹ́ńjìnnì wà láàárín gbùngbùn bó ṣe yẹ kó wà, mi ò tiẹ̀ wojú rẹ̀. Màmá tú gèlè, wọ́n ń bá mi fi fẹ́ ẹ́ńjìnnì.

Ní Ọ̀yẹ́, mo yá sípánà 10 lọ́wọ́ ọlọ́kadà kan, mo tú orí bátìrì, mo kà dé igba, mo dè é padà. Iná kú! Mo ní kí Màmá ṣe àmín. Wọn ò tíì ṣe é tán tó tún tàn. Aago inú ọkọ̀ ti padà sí 1:00, rédíò ti gbàgbé gbogbo ibi tó mọ̀. Ìrè, ìlú Ògún, kò jìnnà síbẹ̀. Mo rò ó lọ́kàn pé bóyá nítorí mo fọwọ́ kan irin láìjúbà ni.

Ní Ìfàkì, mo pe mẹkáníìkì, mo sì pariwo mọ́ ọn. Irú plọ́ọ̀gì wo lo fi sí i? O ti bà mí lọ́kọ̀ jẹ́! Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Tísà, ẹ má bínú, sà. Kóòdù wo ló gbé?”

Mo kà á fún un.

“Ta ló ṣí ilé fílítà lẹ́yìn mi, sà?”

“Kò sẹ́ni tó ṣí i.”

“Òun ni!” Màmá ló ké láti ẹ̀yìn. “Láàárọ̀ yìí, lójú mi báyìí!”

Mo sọ̀ kalẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì dúdú kan, wáyà márùn-ún lára rẹ̀, ń mì dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé fílítà. Èmi ni mo yọ ọ́ kí ìdérí lè ṣí dáadáa. Mo dé ìdérí, mo gbàgbé rẹ̀ síta.

Mẹkáníìkì wá là mí lóye lórí fóònù. Sẹ́nsọ̀ kan náà ló ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó, òun náà ló ń wọn ooru rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kóòdù fi di méjì. Iná mànàmáná tó ń ti ibẹ̀ wá ló ga, kì í ṣe ooru. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń tutù sí i ni iná yẹn ń ga sí i. Bí wáyà bá wá yọ pátápátá, iná á ga kọjá ààlà, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á sì gbà pé òtútù tó pa ẹran ló wà níta. Ó ní kí n ṣí ojú-ewé kan lórí skánà mi, ojú-ewé tí mi ò ṣí rí. Mo ṣí i: -40. Mo ti sọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé, ó dún pákí, nọ́ńbà fò sí 41.

Ìyẹn ni pé nígbà tí èmi àti màmá ìyàwó mi ń da omi tí a ń fẹ́ gèlè ní Ìtapá, ọkọ̀ rò pé inú yìnyín lòun wà. Aláìsàn ń gbọ̀n, dókítà ń da omi tútù sí i lára.

Bí a ṣe ń lọ sí Ìdó, Màmá bi mí ní iye tí mo ra skánà. Mo sọ ìdajì. Wọ́n ní owó yẹn pọ̀ jù.

Mo ti bẹ mẹkáníìkì, ó ti gbà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti wọ ọgbà rẹ̀ báyìí, àwọn ọmọṣẹ́ á sáré wá gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, èyí tó kéré jù nínú wọn á sì dọ̀bálẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: “Tísà, ẹ kú òtútù o.”